Àlejò Nínú Ayé Géèmù: Ọ̀rọ̀ Àtọwọ́dá àti Àlàyé Àṣejù

Alága ọjọ́ òní, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú ẹgbẹ́, ẹ̀yin olórí ìdílé gbogbo, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ jókòó síwájú, mo kí yín. Ẹ kú ọjọ́ òní, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfẹ́ ilé. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu mi.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí géèmù, mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n wá bá àwọn ọmọ wí ni. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ní irú ọjọ́ báyìí nìyẹn: géèmù ń jẹ iná, géèmù ń jẹ àkókò, géèmù kò jẹ́ kí wọ́n kàwé. Mi ò ní sọ ìyẹn lónìí, nítorí àwọn ìyá wọn ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nílé. Ìtàn tó wà nínú géèmù ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ irú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ fi ọgbọ́n orí dá odidi ayé kan sílẹ̀, tó fún un ní òkè àti odò, ìjọba àti ẹ̀sìn, tó sì tún dá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí sílẹ̀ fún ohun tó wà níbẹ̀. Báwo ni ó ṣe yẹ kí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ irú ayé bẹ́ẹ̀ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀? Ìbéèrè mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú, ìbéèrè náà kò lè ṣàjèjì sí wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú géèmù kan. Orúkọ rẹ̀ ni Final Fantasy XIII. Ilé iṣẹ́ Square Enix ní ilẹ̀ Japan ló ṣe é. Ó jáde níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ó sì dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní oṣù Kẹta ọdún 2010. Ó rẹwà gan-an. Títí di òní, bí ẹ bá tan án, ẹ ó mọ̀ pé owó àti ọgbọ́n wà nídìí rẹ̀. Ọmọkùnrin mi ló gbé e wọlé, tó ní kí n wá wò ó. Kò tíì tó wákàtí kan tí mo jókòó tí etí mi ti gbọ́ fal'Cie, l'Cie, Sanctum, PSICOM, Purge, Cocoon àti Pulse. Mo ní kó dúró ná. Mo ní, "Kí ni fal'Cie?" Ó ní, "Dádì, àwọn ló ń sọ èèyàn di l'Cie." Mo ní, "Kí wá ni l'Cie?" Ó ní, "Ẹni tí fal'Cie bá sàmì sí lára ni." Bí òkòtó ni mo ṣe ń yí lójú kan. Ó wá tẹ nǹkan, ìwé kan ṣí sójú tẹlifíṣọ̀n, Datalog ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ ni wọ́n to àlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ sí, bí ìwé ìtumọ̀ èdè. Ó ní kí n kà á. Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti kà á. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kí n sọ ìtàn náà fún yín. Ìlú ńlá kan léfòó sójú ọ̀run. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ pé ọ̀tá ni gbogbo ohun tó bá ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé ẹ̀dá abàmì kan láti ìsàlẹ̀ ti sùn sí ẹ̀bá ìlú kékeré kan létí òkun, ó sì ti jí. Ìjọba kéde pé gbogbo ará ìlú kékeré yẹn, ọmọdé àtàgbà, ló ti di aláìmọ́, pé kí wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n lé wọn lọ. Inú ọkọ̀ ojú irin yẹn ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan wà nínú ọkọ̀ náà tó ń jẹ́ Sazh. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá abàmì ti sàmì sí ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré. Ẹni tí wọ́n bá sàmì sí, iṣẹ́ kan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í là á yé e dáadáa. Bí kò bá ṣe é, á di ẹ̀dá burúkú tí ń rìn kiri. Bí ó bá sì ṣe é, á di òkúta dídán, á sùn lọ. Bàbá yìí ń wá bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa bọ́. Ọmọ ẹyẹ kékeré kan ń gbé inú irun orí rẹ̀. Ọmọ náà ló rà á fún.

Mo sọ ìtàn yìí, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, fún bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ilẹ̀ Gánà ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n wà lára àwọn tó padà wálé lẹ́yìn àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tó fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ẹrù mélòó ni wọ́n ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn gbé?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Ọmọ mi tó ti gbá géèmù náà dé òpin kò rí èsì, kò tilẹ̀ bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe pé kò ní àánú. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń kó àwọn èèyàn yẹn lọ, ibi tó ti ń ya fal'Cie sọ́tọ̀ kúrò lára l'Cie ló wà. Ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé bá àwọn ẹlẹ́kún.

Kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi ń ṣe báyìí? Mo rò pé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ni. Ó ti fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, jìyà lórí ilé náà. Bí àlejò bá dé, kò ní fún un ní omi mu kó tó mú un lọ wo ìpìlẹ̀, wo páìpù, wo sókàwéè. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ àlejò.

Wọ́n tún gbàgbọ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣàjèjì, ayé náà á jinlẹ̀. Ẹ wo àmì kékeré tí wọ́n fi sí àárín fal'Cie yẹn. Àwa Yorùbá mọ ohun tí àmì ń ṣe lórí ọ̀rọ̀: mú àmì kúrò lórí ọkọ̀, ó di ọkọ, gbé òmíràn lé e, ó di ọkọ́ tí à ń fi ro oko. Tiwọn yẹn, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò títí, mi ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe ju pé kó mú ọ̀rọ̀ náà jọ ti ilẹ̀ òkèèrè.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fi ẹnà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà náà sọ ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdí tí a fi ń sọ ẹnà ni pé a kò fẹ́ kí ìyá wa mọ ohun tí a ń sọ. Ìta ni ẹnà ń ti èèyàn sí, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ẹni tó wá pe àlejò wọlé, tó tún fi ẹnà kí i káàbọ̀, mi ò mọ ohun tó ń fẹ́.

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé Kàdúná níbí gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Mi ò gbọ́ Hausa kankan ju "sannu" lọ. Ẹnì kan fún mi ní ìwé pélébé kan, ọ̀rọ̀ Hausa ní ọwọ́ òsì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta há a sórí. Ìgbà tí mo dé ọjà, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ẹ̀wà ló padà kọ́ mi ní Hausa. Mo ra múdù kan lọ́wọ́ ìyá kan, mo sanwó, mo fẹ́ máa lọ, ni obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá dá mi dúró, ó wo oníẹ̀wà lójú, ó ní, "Gyara!" Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á lé tèmi lórí. Èènì ni! Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, èmi fúnra mi ni mò ń pariwo gyara kiri ọjà.

Géèmù tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣe bíi ti obìnrin yẹn. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ FromSoftware, ará Japan náà ni wọ́n, gbé Dark Souls jáde. Hidetaka Miyazaki ló darí iṣẹ́ náà. Nǹkan mímu kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Estus. Ẹnikẹ́ni kò jókòó ti ọmọ kó máa ròyìn Estus fún un. Jagunjagun kan tó ń kú lọ ló gbé ìgò rẹ̀ lé e lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Wọ́n ṣá a lọ́gbẹ́, ó mu ún, ara rẹ̀ le. Ìgò gbẹ, ó di dandan kó wá ibi iná kan jókòó sí kó tó tún kún. Lẹ́yìn wákàtí kan, bí ó bá gbọ́ Estus, ọ̀fun rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ̀dá tó sì ti kú, tó jí, tó tún kú, títí kò fi mọ ohun tó ń wá mọ́, wọn kò dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún un. Hollow ni wọ́n pè é, òfìfo lásán. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n kàn gbé ẹrù lé e lórí.

Miyazaki ti sọ fún àwọn oníròyìn pé nígbà tí òun wà ní kékeré, òun máa ń ka ìwé tó ju agbára òun lọ, ibi tí kò bá sì yé òun, òun á fi èrò ọkàn òun dí àlàfo rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣe géèmù rẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ó máa ń fi àlàfo sílẹ̀ jù. Mo mọ àwọn tó gbá Dark Souls parí tí wọn kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tí mo rò pé àwọn àgbà á fẹ́ràn jù ni Skyrim, tí ilé iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọjọ́ 11, oṣù 11, ọdún 2011. Wọ́n dá odidi èdè kan fún dírágónì, ẹranko abàmì tó ń fò, tó ń yọná lẹ́nu. Mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ èdè náà ni Fus, Ro, Dah. Wọn kì í kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ wọ inú ibojì àtijọ́ kan, á bá ọ̀rọ̀ kan lára ògiri. Á pè é lójú ìjà, ẹsẹ̀ ọ̀tá á yẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà kan tó ń gbé orí òkè á wá kọ́ ọ ní èkejì. Lọ́jọ́ tó bá ní ìkẹta, tó pe gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀tá á fò sókè bí ewé gbígbẹ. Ta ni nínú wa níbí tí kò mọ̀ pé ọfọ̀ lèyí? Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọfọ̀ ń ṣe ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtàn ayé Skyrim náà pọ̀, inú ìwé tí wọ́n tò sórí pẹpẹ nínú ilé àwọn èèyàn ibẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá wù á kà. Ọmọbìnrin mi ń kà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kó wọn tà fún àwọn oníṣòwò inú géèmù.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2019, àwọn tó ṣe géèmù SMITE ní Amẹ́ríkà mú Yemọja wọ inú rẹ̀. Agbára tí òrìṣà ń ná nígbà ìjà nínú géèmù yẹn, mana ni wọ́n ń pè é. Yemọja kì í ná mana, tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Omi. Ọmọ Amẹ́ríkà á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, á máa rò ó pé kí ni Omi yìí ná? Ẹ̀yin ọmọ wa, omi ni! Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹnà sí ẹlòmíràn, àwa ti fi pọn sínú ìkòkò. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi lẹ́mìí nìyẹn. Ibì kan wà láyé tí òùngbẹ rẹ̀ ti gbẹ èèyàn rí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, fal'Cie kò ní irú ibẹ̀. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ló yẹ kó wá ibi tí wọ́n ti mu ún fún un nínú ìtàn rẹ̀.

D. O. Fágúnwà mọ èyí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938, ayé tó dá sílẹ̀ ṣàjèjì ju ti géèmù kankan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá pe ọkùnrin kan ní Olóhùn-iyọ̀, ẹ kò nílò Datalog. Ẹ ti mọ̀ pé bí onítọ̀hún bá kọrin, ẹsẹ̀ yín kò ní dúró.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà ba ìtàn jẹ́ ni ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ọmọ ìyá méjì á dúró sójú ọ̀nà, ọ̀kan á sọ fún èkejì pé, "Gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe mọ̀, ọba wa kú ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn." Bí ó bá mọ̀, kí ló ń sọ fún un sí? Mo fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé títí ìyàwó mi fi já mi. Ó ní kí ni ìyá mi ń ṣe láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ki mi? Ǹjẹ́ mi ò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ ni? Mo ronú sí i, ó sì tọ̀nà. Nínú oríkì, ohun tí a ti mọ̀ náà ni à ń sọ fún ara wa. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi tó mi létí. Wọ́n fi ń wú mi lórí ni, kí n lè dìde ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán mi. Àlejò tó bá wà nítòsí á gbọ́ orúkọ bàbá ńlá mi àti ìlú mi níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí òǹkọ̀wé géèmù bá fẹ́ fi ẹnu èèyàn sọ ìtàn àtijọ́, kó fún ẹni náà ní nǹkan tó ń wá. Kó máa bẹ̀bẹ̀, kó máa jà, kó máa tanni.

Àwọn ará Kamẹrúùnù tó múlé gbè wá náà ti gbìyànjú. Ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní ọdún 2016. Ọmọ ọba kan ń jẹ oyè lọ́wọ́ ni arákùnrin ìyàwó rẹ̀ gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó lé tọkọtaya náà jáde nílùú. Aurion ni wọ́n ń pe agbára tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wá. Àna tó gba oyè mọ́ni lọ́wọ́, ta ni ìyẹn kò yé? Ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ fún wọn díẹ̀ ṣá o. Mo rí i tí ọmọ mi ń tẹ bọ́tìnì kí wọ́n lè yára dákẹ́.

Ilé iṣẹ́ Square Enix fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Final Fantasy XVI jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n ṣe é kí èèyàn lè dá ìtàn dúró níbikíbi, kó rí àlàyé kúkúrú nípa àwọn tó wà lójú rẹ̀ lásìkò yẹn nìkan. Àgbà tó jókòó ti ọmọdé níbi eré ìbílẹ̀ ni èyí jọ: kò sọ nǹkan kan títí ọmọ fi bi í pé ta nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wọn náà ti fúyẹ́. Àwọn tí wọ́n sàmì sí lójú tí wọ́n ń lò bí ẹrú, Branded ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹni tí wọ́n fi irin gbígbóná kọ lára.

Ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí èyí ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa méjì gbé ìwé kan wá fún mi ní oṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ ṣe géèmù, ìtàn rẹ̀ ni wọ́n kọ. Ojú ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìjọba, orúkọ oyè, orúkọ ogun, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìwé dé. Ní ojú ewé karùn-ún, ọmọbìnrin kan gbé ìkòkò, ìyá rẹ̀ sì ké sí i láti inú ilé pé, "Má jẹ̀ẹ́ kí owúrọ̀-òru ká ọ mọ́ odò o." Èmi náà ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ní kíá. Mi ò mọ ohun tí owúrọ̀-òru jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ti bà mí. Mo ní kí wọ́n ya ojú ewé mẹ́rin yẹn kúrò. Ọ̀kan nínú wọn bínú. Ó ní oṣù mẹ́ta ni òun fi kọ ọ́. Mo ní kó fi pamọ́ sí àpótí, kó mọ̀ ọ́n, kó má kà á fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin mi ka ọ̀rọ̀ mi yìí lálẹ́ àná. Ó ní ìkíni tí mo fi bẹ̀rẹ̀ náà, Datalog ni. Mo ní ìyẹn yàtọ̀, oríkì ni.

Tẹlifíṣọ̀n wà nínú yàrá kejì, jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì ti to àga. Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ wọn ti ní iwájú ni àwọn máa jókòó sí, pé àwọn fẹ́ wo ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn yẹn sínú ọkọ̀. Mo ti bẹ àwọn ọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣàlàyé fal'Cie fún wọn, àfi bí wọ́n bá béèrè.